Irinwó Ojú Nínú Fódà Kan

Kábbà,
ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 2002

Folúkẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Okun òtútù, okun iṣẹ́, okun àjò. Ṣé ara le? Ṣé yìnyín tí o ní ó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ti dáwọ́ dúró? Àwa ń bẹ. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé. Wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti kọjá ẹni tó ń kọ ebè. Mo kọ ọ́.

Martha aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ìwé títẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yún un. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un.

Kọ̀ǹpútà tí o gbé sílẹ̀ fún wa ní Kérésìmesì ń dà mí láàmú. O ní ká tan án, ká tẹ fódà, àpò fọ́tò tí o pè ní "Ilé Wa," mánéjà fáìlì yóò sì pàtẹ gbogbo fọ́tò fún wa. Mánéjà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí Martha bá ti tẹ fódà yẹn, yóò ṣí, yóò fi ojú èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin hàn wá, lẹ́yìn náà, páà! yóò pòórá. O ní Linux ni ohun tó ń darí ẹ̀rọ náà, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn. Mo gbọ́. Èmi ò tíì rí ẹni tí wọn kì í sanwó fún tó ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

O mọ ẹni tó wà nínú fódà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí o padà lọ ni ìyá ará Lọ́kọ́ja yẹn gbé fọ́tò bàbá mi wá, èyí tí bàbá tirẹ̀ yà nígbà tó ń ṣe akọ̀wé kóòtù. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí àwòrán bàbá mi rí. O dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, ìyá náà gbé tirẹ̀, ó sì ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná, kò sẹ́ni tó mọ àdúgbò tó wà níbẹ̀. O ní kí n wò ó, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o bínú. Ṣùgbọ́n Agatha ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè ní Ògìdì. Àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n kí bàbá. Bí ó bá ti wò ó, èmi náà á wò ó.

Ojú Agatha ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ojú òsì ti lọ. Dókítà tó wò ó ní Egbe ní ọ̀tún ń tẹ̀lé e, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró, àti pé bí iṣu tuntun bá dé, bóyá ni yóò ṣì máa ríran. Mo ti ṣèlérí fún un pé yóò rí ojú bàbá wa. Tún ohun yìí ṣe láti ibi tí o wà.

Má sọ pé kí n lọ síbi tẹlifóònù. Mi ò ní dúró lẹ́bàá ọjà kí n máa pariwo ọ̀rọ̀ ilé mi sétí àwọn tó wá ra iyọ̀. Kọ lẹ́tà.

Èmi bàbá rẹ,
Ọláníran


Hamburg,
ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta, ọdún 2002

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Okun oko o, okun ooru. Ẹ bá mi kí Màmá Martha, kí ẹ sì bá mi bẹ Ìyá Ògìdì pé kí ó má tíì sú wọn. Ọ̀rọ̀ ojú wọn gbà mí lọ́kàn débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Yìnyín ṣì ń bọ́.

Ẹ má bínú sí mánéjà. Ó ní ìwé kan tó máa ń kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí iná bá lọ lójijì tí ìwé náà bá bàjẹ́, kò ní mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sórí bébà ọ̀tọ̀. Kí Màmá Martha ṣí fèrèsé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Yóò gbé ìwé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mánéjà yóò sì bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Bí ó bá tún pòórá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá hàn lójú ẹ̀rọ fún mi, bó ti wù kó rí. Ẹ sì sọ òótọ́ fún mi: kí lẹ ti ṣe sí i láti ìgbà tí mo ti lọ?

Ẹ̀bi mi ni pé mi ò fún fọ́tò Bàbá Àgbà lórúkọ. Kíákíá ni mo ń ṣe é, mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ló fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gbọọrọ tí kò tẹ̀léra, mi ò sì rántí èwo ni tiwọn. Ká ní mo rántí ni, Màmá Martha ìbá pè é jáde tààrà láìgba ọ̀dọ̀ mánéjà kọjá.

Bàbá, ṣé kò ní sàn kí ẹ máa fóònù? Lẹ́tà yín lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà.

Ọmọ yín,
Folúkẹ́


Kábbà,
ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 2002

Folúkẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. Ìkòkò wo lo gbàgbé lórí iná? Kí ló wà nínú rẹ̀? O ò sọ bóyá ilé jó.

Martha tẹ ọ̀rọ̀ rẹ sínú fèrèsé dúdú. Ó wọ gíláàsì méjì lórí ara wọn kó má bàa ṣì í. Mánéjà jí. A pàtẹ́wọ́. Kí pàtẹ́wọ́ wa tó tán, ó ti tún lọ. Àpótí kékeré kan jáde, Martha sì kọ ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀: "signal 11." Ó ní àmì kọkànlá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní àwọn mẹ́wàá ìṣáájú dà? A wá wọn, a ò rí wọn.

O ní kí la ti ṣe sí i. A ò ṣe nǹkan kan sí i. A kàn ń fi èèyàn kún un ni. Nígbà tí àwọn ará ilé gbọ́ pé a ní ibi tí ikán kò lè dé, kò sẹ́ni tí kò gbé fọ́tò wá. Wọ́n gbé e wá láti Ìyàrá, wọ́n gbé e wá láti Makutu. Ẹnì kan gbé fọ́tò ẹṣin tí bàbá rẹ̀ gùn wá. Mo ní ẹṣin kì í ṣe ará ilé. Ó ní ẹṣin yẹn ni. A fi í kún un. Martha ti lo ẹ̀rọ ìdàwòránkọ tí o fi sílẹ̀ títí ó fi ń gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó kà wọ́n ní fèrèsé dúdú, ó ní wọ́n jẹ́ irinwó ó lé méjìlá, gbogbo wọn nínú fódà "Ilé Wa." Inú mi dùn sí i.

(Èmi Martha ni mo fi èyí kún un: kí mánéjà tó pòórá, àwọn fọ́tò kéékèèké máa ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, iná pupa iwájú ẹ̀rọ kì í sì í sinmi.)

Mo ní kí ló kọ síbẹ̀ yẹn? Ó ní kò sí nǹkan.

Agatha wá kí wa lọ́jọ́ ọjà. Ó kí òpó ilé wa, ó bi í pé báwo ni ìyàwó rẹ̀. Ó fi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ tán, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣe kíá.

Èmi bàbá rẹ,
Ọláníran


Hamburg,
ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin, ọdún 2002

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Okun òjò o. Ilé kò jó, ẹ̀wà ló jó.

Irinwó èèyàn! Bàbá, ọgbọ̀n ni wọ́n nígbà tí mo fi yín sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin títí tí ìyá òyìnbó kan fi dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é báyìí. Bí mánéjà bá ṣí fódà, ó gbọ́dọ̀ ya àwòrán kékeré ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó tó lè tò wọ́n síwájú yín. Ẹ̀rọ náà ti gbó, àyè ìrántí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó dà bí ẹni tí ẹ gbé irinwó ebè fún pé kó ro ó tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ó ń gbìyànjú ni, ó sì ń dákú. "Signal 11" ni igbe tó ń ké bó bá ń ṣubú.

Iṣẹ́ kékeré ló kù. Kí Màmá Martha pín wọn. Ó rọrùn láti pín wọn ní ìdí ìyá, nítorí ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá Àgbà fẹ́: fódà kan fún àwọn ọmọ ìyá àgbà, ọ̀kan fún ti ìyàwó kejì, ọ̀kan fún ti ìyàwó kékeré. Èyí tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n yọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò tẹ̀ wà lórí bébà kejì. Ní ọjọ́ kan, ó ti parí.

Ọmọ yín,
Folúkẹ́


Kábbà,
ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, ọdún 2002

Folúkẹ́,

Mi ò kí ọ.

Mo ní kí Martha ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó ṣì í kà. Kò ṣì í kà. Ṣé mo ti kú ni? Ta ló sin mí? Mi ò rántí pé mo jẹ níbẹ̀. Ìgbà tí bàálé bá kú là ń pín ilé rẹ̀ ní ìdí ìyá: oko síbí, yàrá sọ́hùn-ún, kí oníkálukú kó tirẹ̀ kó má bojú wẹ̀yìn mọ́. Ohun tí o ní kí wọ́n ṣe fún bàbá mi lójú mi nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi ń lọ. Ó pe gbogbo wa, ọmọ ìyá mẹ́ta. Ó ní ẹni tó bá pín ilé yìí, òun kò ní dá a lóhùn níbi tí òun ń lọ. A ò pín in. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin rèé, oko kan náà là ń ro, abà kan náà là ń kó iṣu sí. Ìwọ wá jókòó ní Jámánì, o ní ọjọ́ kan ni. O tún ní kí wọ́n yọ èyí tí kò bá sí nínú wọn síta. Síta ibo?

Martha ní fódà kì í ṣe ilé, pé àpò lásán ni. Mo ní àpò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò pín wọn. Kí mánéjà máa dákú, kó máa jí.

Ọláníran


Hamburg,
ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 2002

Bàbá mi,

Mo dojúbolẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yí ẹ̀yìn sí mi. Èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ṣe látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ nìkan ni mo rò, mi ò ro ilé. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín ni ojú tì mí. Ẹ fi jì mí.

Ẹ má pín ẹnikẹ́ni. Mo ti wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká gba mánéjà lọ́wọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Kó máa pe nọ́ńbà wọn nìkan, kí gbogbo irinwó jókòó sójú kan. Kí Màmá Martha má tíì fọwọ́ kan fódà "Ilé Wa." Kí wọ́n ṣí ibi tó ní àmì ilé kékeré, níbi tí kò sí fọ́tò. Lókè, wọ́n á rí "View." Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rí "Preview." Kí wọ́n yọ àmì tó wà níwájú "Images" kúrò, kí wọ́n fi ètò náà pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá ṣí "Ilé Wa." Nọ́ńbà gbọọrọ ni yóò hàn. Kí wọ́n ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí Bàbá Àgbà yóò fi jáde.

Yóò gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jáde kúrò nílé.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Folúkẹ́


Kábbà,
ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà, ọdún 2002

Folúkẹ́ ọmọ wa,

Okun o. Èmi Martha ni mo dá kọ èyí o. Bàbá rẹ kò mọ̀. Bí o bá fèsì, má dárúkọ mi.

Lẹ́tà rẹ ti dé. Abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló wà, bí o ṣe lẹ̀ ẹ́ ló ṣe wà. Wọn ò jẹ́ kí n tú u. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: wọ́n ní o ti pín àga mọ́ ọn. Mo ní bóyá ẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wò, wọ́n á tún dá a padà.

Ìyá Ògìdì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n bu omi mu, ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n da á sí. Iṣu tuntun kù díẹ̀.

Martha


Hamburg,
ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, ọdún 2002

Sí Ìyá Ògìdì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi,

Ìyá, mo kúnlẹ̀, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Okun o. Ẹ bá mi kí ẹni tó ń ka èyí fún yín.

Mo ṣẹ àbúrò yín. Mo ti bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìrọ̀rí ni ẹ̀bẹ̀ mi wà, wọn ò tú u. Ọ̀nà tí ẹ ó fi rí ojú Bàbá Àgbà wà nínú rẹ̀, kò sì pín ẹnikẹ́ni níyà. Mi ò lè pàṣẹ fún bàbá mi. Màmá mi ti di olóògbé, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń bẹ̀rù wọn. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè sọ pé "Ọláníran, dìde."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ nígbà tí ojú ṣì wà.

Ọmọ yín,
Folúkẹ́


Kábbà,
ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, ọdún 2002

Folúkẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Mi ò tíì dárí jì ọ́ pé o gbé ẹjọ́ mi lọ sí Ògìdì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o gbọ́ bó ṣe lọ.

Ní Sátidé, mo ń fọ ọkọ́ lẹ́yìnkùlé ni mọ́tò kan dúró. Agatha ló wà níwájú, ó di àpò rẹ̀ mú bí ọlọ́pàá. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tó fi pariwo, "Ọláníran, níbo lo tọ́jú lẹ́tà ọmọ yẹn sí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó ná."

Ó ní, "Ṣé ojú mi ni yóò dúró dè mí kí n jókòó ná?"

Mo ní ọmọ náà fẹ́ pín wa ní ìdí ìyá. Ó ní, "Ṣé ìrọ̀rí náà ni bàbá wa ní ká má pín? Gbé e dìde."

Mo gbé e dìde. Martha tú u, ó kà á. Ó dé ibi tí o ní ká má pín ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ooru mú, mo jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Martha ṣe é bí o ṣe wí. Ó yọ àmì, ó fi ètò pamọ́, ó ṣí "Ilé Wa." Nọ́ńbà jáde, ó gùn bí ilà oko. A dúró. Agatha ní ṣé ó ti sá? Martha ní kò sá o. Mo kà dé ọgọ́rùn-ún, mánéjà ṣì jókòó. Mo ní kí wọ́n má yìn ín, kó má bàa gbọ́.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Agatha sún mọ́ ojú ẹ̀rọ débi pé imú rẹ̀ ń kàn án, ó ń fi ojú ọ̀tún wò ó bí adìyẹ tó ń wo àgbàdo. Kò sẹ́ni nínú fọ́tò tí kò bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ lo jí ewúrẹ́ wa." "Joseph, wọ́n ṣì ń wá ọ ní Ìyàrá." Nígbà tí ẹṣin jáde, ó ní ó jọ ìyá ẹni tó gbé e wá. Martha rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ ibi tí kò yẹ, a tún bẹ̀rẹ̀. A jẹun, a padà síbẹ̀. Oòrùn ti ń yí, ojú ti ń ro Agatha, ó ń nu ún ní gbogbo ìgbà. Mo ní ká sinmi. Ó ní kí n lọ sinmi, òun ń bá a lọ.

Ó wá kan ọ̀dọ́kùnrin kan. Ó dúró lẹ́bàá igi, kíjìpá ló ró, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé, ó ń fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rín sì ń bọ̀. Mo ní, "Martha, kọjá èyí. Ọmọ ta tún nìyí?"

Agatha fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ. "Ẹ dúró."

A dúró. Ó gbé ọwọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní, "Ọláníran, bàbá wa lo ní ká kọjá yẹn."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní bàbá mi ga kan àjà, ewú ti gba orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń mi ilẹ̀. Agatha ní, "Ìwọ kéré ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ta ni kò ga lójú rẹ? Èmi ni mo máa ń bá a di ẹrù oko. Wo etí rẹ̀. Etí rẹ nìyẹn."

Mo wo etí rẹ̀. Folúkẹ́, etí mi ni.

Mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń fi ọjọ́ orí kún tirẹ̀, kó má bàa kéré sí mi. Mo ti sọ ọ́ di arúgbó nínú orí mi, kó lè máa bá mi wí. Ọ̀dọ́ ni. Ó kéré sí ọ. Ẹni tó ní ká má pín ilé, tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti ìgbà èwe, ọmọdé tí kò fẹ́ kú ni.

Agatha bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran. Ó ní, "Ọmọdé yìí ló bí wa? Ọmọdé yìí là ń sá fún bí a bá fọ́ ìkòkò?" Ó kí i. Ó ní, "Okun o, bàbá. Okun iṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Ó ní, "Mo ti rí i. Ó kàn ọ́."

Mo ṣí fìlà. Orúnkún mi kò fẹ́, ṣùgbọ́n mo fi ipá mú un. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, níwájú tábìlì, láàárín wáyà.

Ìdìde ló le. Martha di apá ọ̀tún mú, Agatha di ti òsì. Agatha ní kí n yára, pé bàbá wa ń wò wá, ẹ̀rín yẹn sì ti fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu.

Èmi bàbá rẹ,
Ọláníran